Sólà ni àbí sílíìnì? Ta ló ń dá ìpinnu iná nínú ilé ìdílé: ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ jọ, ará Òṣogbo

Ọmọ_Òkè_Báálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìdílé kan ló wà nílẹ̀ ní Òkè-Báálẹ̀ tí a fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Yàrá mẹ́jọ, páànù àtijọ́ lórí, mítà kan ṣoṣo tí wọ́n ń ra káàdì sí. Bàbá àti Màmá ń lo yàrá mẹ́ta, àwọn ayálégbé wà nínú márùn-ún tó kù. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ iná àti ooru ilé náà ṣe. Sólà ni Bàbá ń fẹ́, torí Alàájì tó kọjú sí wọn ti gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sórí òrùlé. Ooru yàrá àti fírísà ló ká Màmá lára. Àwọn ayálégbé ní àwọn ò ní dá kọ́bọ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, ta ni ká sì kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?

Oníṣẹ́_Iná_Gbódòfọ́n

Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni ná ọjà. Pánẹ́ẹ̀lì ni ojú ń rí láti títì. Bátìrì Alàájì, ínfátà rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé), ohun tó ń gbé lé wọn, inú ilé ni gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà: wọ́n á ka pánẹ́ẹ̀lì aládùúgbò, wọ́n á ní kí oníṣẹ́ ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn, láìmọ̀ bóyá Alàájì ní fírísà méjì tàbí kò ní ẹyọ kan.

Ẹ mú bébà àti bírò. Màmá ni kẹ́ ẹ gbé e fún, kì í ṣe Bàbá, torí òun ló mọ ìgbà tí firíìjì ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń fi fáànù sílẹ̀ lójúmọmọ. Kí wọ́n kọ wáàtì ohun kọ̀ọ̀kan àti iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Fáànù òkè méjì, wáàtì 75 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 10, jẹ́ yúníìtì 1.5 (wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan). Gílóòbù LED mẹ́jọ, wáàtì 9, wákàtí 6, jẹ́ 0.43. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80 fún wákàtí 5 jẹ́ 0.4. Firíìjì kékeré, ẹ fi 1.2 ṣírò. Fóònù, 0.1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí yúníìtì 3.6 lóòjọ́.

Nínú ìyẹn, èyí tó máa bọ́ sórí bátìrì lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ lè tó 2.9. Bátìrì líthíọ̀mù 51.2V, 100Ah (fóòtì rẹ̀ àti iye iná tó lè gbà), ń gba yúníìtì 5.12, ẹ sì lè lo ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìbẹ̀rù, ìyẹn 4.1. Bátìrì olómi 12V, 220Ah méjì ń jẹ́ 5.28 lórí bébà, àmọ́ ìdajì péré ló yẹ kẹ́ ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ìdajì yẹn, 2.64, kò ní gbé wọn délẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó bá ń ra bátìrì torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra irú ẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè yìí kan ṣoṣo: yúníìtì mélòó ló ń bọ́ sórí ẹ lálẹ́?

Pánẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́rin jẹ́ 2,200W. Ẹ fi wákàtí 4 oòrùn gidi ṣírò, kẹ́ ẹ yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò nítorí ooru, eruku àti àdánù inú wáyà: ó kù nǹkan bí 6.2 lóòjọ́. Ó tó fún 3.6, ìyókù sì wúlò ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run. Bí fírísà Màmá bá máa wọlé, tí òun nìkan lè jẹ yúníìtì 2 lóòjọ́, àpapọ̀ á di 5.6, ìyókù tó máa wà fún ìgbà ìkùukùu ò ní tó nǹkan: ẹ lọ sí mẹ́fà. Ìṣirò yín ló máa gbé yín dé mẹ́fà nígbà náà, kì í ṣe òrùlé Alàájì.

Káfíńtà_Ìgbọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti Màmá kẹ́ ẹ tó gòkè. Páànù tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ ló ń da ooru sórí sílíìnì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fáànù ò lè lé ooru yẹn, ńṣe ló kàn ń yí i ká inú yàrá. Bí ooru bá dín, wákàtí fáànù á dín, bátìrì tí ẹ máa rà á sì kéré sí i. Ìdí tí sílíìnì kì í fi í wá sẹ́nu ará ilé nígbà tí owó bá dé ni pé kò sẹ́ni tó máa dúró ní títì kó yìn ín. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tí a ò rí ló ń jẹ owó jù.

Ẹ gun àjà lọ wò ó. Ẹ fi ìṣó gún àwọn igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ìṣó bá wọlé bí ẹni ń gún búrẹ́dì, ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn ṣáájú, torí pánẹ́ẹ̀lì 550W kan wúwo tó kílò 27, mẹ́fà sì ń bọ̀. Bí sílíìnì bá jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má lu ihò sí i, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè fara hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ pákó sórí igi, kẹ́ ẹ máa rìn lórí pákó.

Fọ́ílì alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tà ní róòlù ni kẹ́ ẹ kàn mọ́ abẹ́ igi òrùlé. Kí àlàfo íǹṣì méjì, ó kéré tán, wà láàrin òun àti páànù. Bó bá lẹ̀ mọ́ páànù, ooru á gba ara rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ń dán, ẹ kọjú ìyẹn sísàlẹ̀, torí eruku ọyẹ́ á bo èyí tó bá kọjú sókè, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí ògiri òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó torí àdán. Ọ̀kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: fọ́ílì ń gbé iná. Kí oníṣẹ́ iná ti kọ́kọ́ kó gbogbo oríkèé wáyà tó wà láìbò sínú àpótí kí fọ́ílì tó wọlé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná á gbá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Bí Bàbá ò bá gbà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ṣe yàrá Màmá nìkan. Ẹ gbé òǹwọn ooru kan síbẹ̀, òmíràn sí yàrá tí ẹ ò tíì ṣe, kẹ́ ẹ ní kí Bàbá fúnra wọn ka méjèèjì ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, òun náà ló máa bá yín sọ ọ́ fún Alàájì.

Kíkun páànù ní ọ̀dà funfun náà ń ran ooru lọ́wọ́ láti dín, ẹ kàn fọ ìpẹtà kúrò kí ẹ tó kùn ún. Àmọ́ ẹ múra fún ọ̀rọ̀, torí àwọ̀ pupa rúsúrúsú làwọn onílé fẹ́ràn níbí, ẹ̀yin nìkan lẹ sì máa yàtọ̀ ní àdúgbò.

Ayálégbé_Alékúwodò

Kí ló dé tí ayálégbé fi máa dá owó sí òrùlé onílé? Bí wọ́n bá fi owó kún owó ilé lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?

Akọ̀wé_Onílé_Ògo_Olúwa

Ẹ ò jayò pa, ìbéèrè yín tọ́. Mítà kan ṣoṣo ni gbòǹgbò ìjà. Bí wọ́n bá ń pín owó káàdì sí iye yàrá, ẹni tó pààrọ̀ gílóòbù wáàtì 60 sí LED wáàtì 9 ń ṣe é fún gbogbo ilé ni. Gílóòbù mẹ́wàá fún wákàtí 5: 60 ń jẹ yúníìtì 3 lóòjọ́, 9 ń jẹ 0.45. Àmọ́ nínú yúníìtì 2.55 tó dín yẹn, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló máa padà sọ́wọ́ ẹni tó ra gílóòbù. Ẹni tó ń fi sítóòfù oníná dáná náà ò ní san ju ẹlòmíràn lọ. Kò yani lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ fi mítà kékeré sí ẹnu wáyà tó ń lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn mítà ńlá. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná ilé nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ kan mítà IBEDC (ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná) fúnra rẹ̀, ẹ má sì ṣí èdìdì rẹ̀. Kí ẹni méjì jọ máa ka nọ́ńbà lọ́sẹ̀, onílé kan àti ayálégbé kan, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé kan náà. Iná fáráńdà, gééètì àti pọ́ǹpù omi ní mítà tiwọn, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ máa pín dọ́gba. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ó rí i pé àwọn tó ní àwọn ò ní dá kọ́bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta fáànù tí kì í jẹ iná.

Ní ti owó ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bébà kan ti tó: ohun tí ayálégbé rà pẹ̀lú rìsíìtì, iye tí onílé máa yọ nínú owó ilé àti ọdún tó máa yọ ọ́ tán, ohun tí ayálégbé lè tú lọ bó bá ń kó jáde, ohun tó máa fi sílẹ̀, àti iye oṣù tí owó ilé ò ní lé. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ aláṣẹ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, onílé kì í sábà yẹ àdéhùn náà.

Ayálégbé_Alékúwodò

Ẹ ṣé sà. Fún àwa tí onílé ò tíì fọwọ́ sí nǹkan fún: gílóòbù LED, fáànù DC tó ń jẹ wáàtì 25 sí 35, kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kó lọ.

Alàájà_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹnu ará ilé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí oníṣẹ́ tó dé.

Ẹ má jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ gbọ́ ètò yìí nínú ìpàdé ẹbí. Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí ọmọ tó wà ní Kánádà ti pè wọ́n fúnra rẹ̀, kí bébà Màmá wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní sólà Alàájì làwọn fẹ́, ẹ má sọ pé Alàájì ṣe é kò dára. Ẹ ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ kí Alàájì, ká béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é." Bàbá méjì tó bá jókòó sọ̀rọ̀ lórí bátìrì á wúlò fún yín ju ìwé ìpolówó mẹ́wàá lọ. Ẹ béèrè iye yúníìtì tí wọ́n ń lò lálẹ́, ọdún tí bátìrì ti wà níbẹ̀, ẹni tó wá nígbà tó yọnu, àti ohun tí wọn ì bá yí padà bí wọ́n bá tún un ṣe.

Ọmọ tó wà lókè òkun náà ní ohun tó ń wò. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe sí ilé bàbá wọn ló fẹ́ ṣe, fọ́tò òrùlé ló sì máa fẹ́ rí. Ẹ fi fọ́tò òǹwọn ooru ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú. Kó má fi gbogbo owó sí àpò ẹbí kan, torí ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti ọ̀rọ̀ ọsibítù á dé, owó á sì lọ. Kó sanwó fún ẹni tó ń ta ọjà tààrà, ìdajì nígbà tí ọjà bá wọlé tí ẹ ti ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá nígbà tí iṣẹ́ bá tan iná, ìdá méjì nínú mẹ́wàá tó kù lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Bí owó náà ò bá tó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí kì í yáni lówó èlé. Ẹgbẹ́ á ra ọjà, á tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èrè tí wọ́n ti dárúkọ, ọmọ ẹgbẹ́ á sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó dára, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ló ń yan ọjà nígbà náà. Bí ẹ bá kọ "bátìrì kan" sí fọ́ọ̀mù, bátìrì tí ojúlùmọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ń tà lẹ máa gbà. Ẹ kọ irú rẹ̀, fóòtì rẹ̀, Ah rẹ̀ àti ọdún ìdánilójú rẹ̀. Ẹ béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, lórí bébà.

Olùkọ́_Físíìsì_Òke_Fìà

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò tí ẹ ń sọ yìí, wọ́n ti wọ̀n ọ́n níbòmíràn. Bryan Bollinger àti Kenneth Gillingham gbé ìwádìí jáde ní 2012 lórí Califọ́níà: bí sólà ṣe ń pọ̀ ní àdúgbò kan, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní pé ilé míràn níbẹ̀ á gbé tirẹ̀ ń ga. Ó jọ pé ojú wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà, ìdí sì nìyí tí sílíìnì Káfíńtà ò fi ní olùpolongo.

Ìwádìí kejì kan mítà kékeré Akọ̀wé. Ní San Marcos, ní Califọ́níà kan náà, wọ́n sọ fún àwọn ilé bí iná tí wọ́n ń lò ṣe rí sí ti àdúgbò wọn. Ó jáde ní 2007. Àwọn tó ń lò ju ẹgbẹ́ lọ dín in kù. Àwọn tí tiwọn kéré tẹ́lẹ̀ wá ń lò sí i. Ibi tí wọ́n ti ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí ìwé àwọn tó ń lo díẹ̀, wọn ò gòkè. Nítorí náà, bí ẹ bá lẹ nọ́ńbà yàrá mọ́ ògiri, ẹ má lẹ nọ́ńbà lásán. Ẹ kọ "ẹ kú iṣẹ́" sí iwájú àwọn tí tiwọn kéré. Ẹ sì má fi orúkọ bú ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ìjà ilé ni yóò dà.

Ẹnìkan nínú ẹbí tún lè sọ pé Òṣogbo ni National Control Centre wà, pé iná ìlú yìí á tó dára, kí ni a fẹ́ fi sólà ṣe. Ibùdó yẹn ń darí wáyà ńláńlá tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà. Iye wákàtí tí iná fi ń dé Òkè-Báálẹ̀ wà lọ́wọ́ ìpín tí fídà yín (wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) bọ́ sí. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì IBEDC. Bó bá jẹ́ Band A, ìpín tó ga jù, tó yẹ kó ní iná wákàtí 20 ó kéré tán, owó yúníìtì ni ìṣòro yín: ní oṣù kẹrin 2024, ó fò láti ₦68 sí ₦225. Ilé tó bá wà níbẹ̀, kó fi sílíìnì, LED àti fáànù ṣáájú, kó jẹ́ kí bátìrì kéré. Bó bá jẹ́ àwọn ìpín ìsàlẹ̀, tí iná kì í pẹ́ kó tó lọ, sólà á tètè san owó ara rẹ̀ padà, pàápàá fún ẹni tó ń ra bẹntiróòlù láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023.

Ọmọ_Òkè_Báálẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá ti ní oníṣẹ́ Alàájì ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Báwo la ṣe máa mọ̀ bó bá mọ iṣẹ́, láìrí Bàbá fín?

Oníṣẹ́_Iná_Gbódòfọ́n

Ẹ gbà fún Bàbá, kẹ́ ẹ wá bi oníṣẹ́ náà ní ìbéèrè níwájú wọn. Bó bá dáhùn dáadáa, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá lè dáhùn, Bàbá fúnra wọn ló máa kọ̀ ọ́.

Ẹ bi í pé wáyà wo ló máa fi so bátìrì mọ́ ínfátà. Bó bá jẹ́ ínfátà 24V, 3,000W ń fa 125A, wáyà náà kò gbọdọ̀ kéré sí 35mm², ó sì gbọ́dọ̀ kúrú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná, ínfátà á máa ké pé bátìrì ti tán nígbà tí kò tíì tán. Ẹ bi í nípa bíréékà tó wà láàrin pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Bíréékà DC (fún iná pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì) ni. Bó bá fi bíréékà AC lásán (ti iná ilé) sí i torí pé ìyẹn ló wà lọ́jà, iná inú rẹ̀ kì í kú bó bá já, ó lè jó àpótí. Wáyà pánẹ́ẹ̀lì, 6mm². Ẹ bi í nípa wáyà ilẹ̀ àti ohun tó ń gba mànàmáná dúró. Ẹ bi í bó ṣe máa ya wáyà yàrá mẹ́ta náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ayálégbé, torí bí kò bá yà á, sítóòfù oníná ẹnìkan ní yàrá karùn-ún á pa ínfátà ní aago méje alẹ́. Pọ́ǹpù kànga 1hp ń fa iná tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà èyí tó ń lò lẹ́yìn náà nígbà tó bá ń gbéra, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ínfátà kékeré tàbí kẹ́ ẹ máa tàn án lọ́sàn-án pẹ̀lú iná NẸ́PÀ.

Ọ̀rọ̀ àlejò náà kì í ṣe kékeré. Gbàrà tí iná ò bá kú mọ́ ní ilé kan, fóònù àdúgbò á dé, páwà báńkì á dé, ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ á dé, kò sì sí bí Màmá ṣe máa kọ̀. Ẹ ṣe ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí fáráńdà, ẹ fi bíréékà kékeré tirẹ̀ sí i, kó kéré tó èyí tí áyọ́ọ̀nù á pa, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ aago pa á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Fóònù á gba iná, áyọ́ọ̀nù ò ní dúró. "Ẹ̀rọ ló pa á" rọrùn lẹ́nu ju "rárá" lọ, aládùúgbò kò sì ní bínú.

Bí igi máńgòrò ilé kejì bá ń ṣíji bo òrùlé, ẹ lọ bẹ onígi kẹ́ ẹ tó ra pánẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Òjìji tó bo pánẹ́ẹ̀lì kan ń dín agbára gbogbo àwọn tó so pọ̀ mọ́ ọn ní ìlà kan kù. Ẹ kọjú wọn sí gúúsù, kí wọ́n dagẹ̀rẹ̀ bí dígírì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní àárọ̀ nígbà ọyẹ́.

Ẹ ṣe iṣẹ́ òrùlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: igi, fọ́ílì, ojú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà mítà kékeré, pánẹ́ẹ̀lì gbẹ̀yìn. Kí bóòtì wọ orí òkè páànù, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà, kó sì ní rọ́bà lábẹ́. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá owó tí Alàájà ní kẹ́ ẹ dá dúró, ẹ má san án títí òjò ńlá kan fi rọ̀. Bó bá rọ̀ tán, ẹ gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan igi lábẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tutù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí oníṣẹ́ tú u, kó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kó tó gba owó.